Ọwọ́ ìdìmú táńkì tó nípọn bí òpó: ohun tí a lè fọwọ́ ṣe àti ohun tó yẹ ká rà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mò ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì táńkì ogun T-34/85 ti ilẹ̀ Soviet kan ní ìwọ̀n 1/35. Kíìtì àtijọ́ ni, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ike tí èèyàn máa ń lẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọwọ́ ìdìmú ara rẹ̀ nípọn bí òpó iná, mọ́gáàdì rẹ̀ dà bíi pákó, òwú lásán ni wọ́n sì fi ṣe okùn irin rẹ̀. Mo wo iye tí wọ́n ń ta páànù idẹ tí wọ́n gé fún pípààrọ̀ irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ àti owó ìfiránṣẹ́ ju owó kíìtì fúnra rẹ̀ lọ. Ni mo bá ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Wáyà tí mo tẹ̀ kò dọ́gba. Super glue sọ ara ike di funfun. Mo fẹ́ fi léèdì àwọn tó ń tún rédíò ṣe jó o, ike yọ́. Fílà tí àwọn tó ń tún bọ́dì mọ́tò ṣe ń lò ni mo fi ṣe ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀, òun náà jẹ ara ike, ó sì sún kì. Ibo ni mo ti ń ṣì í? Ṣé mo lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìra nǹkan kan?"

Ìdáhùn: Nǹkan mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀tọ̀ ni ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ohun èlò tí ẹ mú ni wọn ò bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí wọn, ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ ẹni rú lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ṣe ẹ̀yà mọ́dẹ́ẹ̀lì sábà máa ń rò pé bí ohun tí òun lẹ̀ mọ́ ọn bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe jọ ojúlówó tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìnípọn ló máa ń tú táńkì kékeré fó pé ike ni. Táńkì tí ọwọ́ ìdìmú mẹ́ta péré wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ, yóò jọ táńkì ju èyí tí wọ́n kó ọgọ́rin ẹ̀yà lé lórí, tí gbogbo rẹ̀ ki pọ́pọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Ní ìwọ̀n 1/35, mìlímítà 1 lára mọ́dẹ́ẹ̀lì dúró fún mìlímítà 35 lára ọkọ̀ gidi. Ẹ mú kálípà, tàbí rúlà tí ìlà rẹ̀ hàn dáadáa, kí ẹ wọn ọwọ́ ìdìmú inú kíìtì yín. Bó bá jẹ́ mìlímítà 1, bó ṣe sábà máa ń rí nínú kíìtì àtijọ́, a jẹ́ pé irin tó nípọn mìlímítà 35 lẹ fi sára táńkì yín. Ìyẹn ti di páìpù omi. Irin yìí ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gun ẹ̀yìn táńkì lọ sójú ìjà ń dì mú. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè ká a. Mọ́gáàdì ńkọ́? Páànù lásán ni lára ọkọ̀ gidi. Bí a bá ní páànù náà nípọn mìlímítà 3, ó yẹ kó jẹ́ 0.09 lọ́dọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ti inú kíìtì ń lọ sí bíi 0.8. Bí ìlọ́po mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ wá wo irin iwájú T-34, tó nípọn mìlímítà 45: yóò jẹ́ bíi 1.3, ike kíìtì sì gbé ìyẹn láìsí wàhálà. Ibi tí irin bá ti nípọn, kíìtì kì í purọ́. Ibi tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti ń purọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 35, kí ẹ sì bi ara yín bóyá alágbẹ̀dẹ kankan lè rọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe kíìtì kò mọ̀. Ike gbígbóná ni wọ́n ń fi agbára tì sínú móòlù irin. Bí ọ̀nà tó ń gbà bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, á ti dì kó tó dé ìpẹ̀kun. Móòlù náà sì gbọ́dọ̀ ṣí gbọọrọ, bí ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ṣe ń fa móòlù tirẹ̀ sókè: bí ohunkóhun bá yọrí sí ẹ̀gbẹ́, búlọ́ọ̀kù á ya. Ìdí nìyẹn tí àwọn irinṣẹ́ àti ọwọ́ ìdìmú inú kíìtì àtijọ́ fi máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara ike láìsí àlàfo lábẹ́ wọn, tí ojú iná iwájú sì máa ń dí. Ohun tí móòlù kò lè ṣe ni kí ẹ máa fọwọ́ ṣe: ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tó ní àlàfo lábẹ́, ohun tó jin. Ohun tó ti ṣe dáadáa, bí ẹsẹ̀ táńkì, ẹ fi sílẹ̀.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ mọ irú T-34/85 tí ẹ ń ṣe. Ọdún 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló sì ń ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: ilé iṣẹ́ 183 ní Nizhny Tagil, ilé iṣẹ́ 112 ní Gorky, àti ilé iṣẹ́ 174 ní Omsk. Ibi tí ọwọ́ ìdìmú wà àti bí wọ́n ṣe da irin orí táńkì kò dọ́gba láàárín wọn. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí ẹ ó rí fọ́tò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ hàn kedere, inú mùsíọ́ọ̀mù ló wà, kì í sì í ṣe èyí tó ja ogun. Pólàǹdì àti Czechoslovakia ṣe tiwọn ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, tí wọ́n fi iná, àpótí àti ẹsẹ̀ tuntun sí i. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ tí ìlà ojú rẹ̀ yọ jáde bí ti ìràwọ̀, ti ẹ̀yìn ogun ni. Ẹ lè wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ láti mọ bí orí bóòtù ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ má ka iye ọwọ́ ìdìmú lára rẹ̀. Fọ́tò dúdú-òun-funfun tí wọ́n yà nígbà ogun, bó tilẹ̀ ṣú, ló ṣeé gbára lé.

Ó yá, ọwọ́ ìdìmú. Wáyà iná ilé tí ọ̀pọ̀ ẹni máa ń kọ́kọ́ mú nípọn jù: èyí tí wọ́n ń pè ní 1.5 nípọn bíi mìlímítà 1.4, ìyẹn sì burú ju ti kíìtì lọ. Fọ́nrán inú wáyà fáànù tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà ni kí ẹ wá, èyí tó gan, tí wọ́n ń fà gba inú ògiri. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú ẹyọ kan, bàbà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń nípọn mìlímítà 0.51, tó dúró fún bíi 18 lára ọkọ̀ gidi. Ẹ ra mítà kan péré, ẹ ti ní mítà mẹ́jọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò kún ọjà. Ẹ fi réésà họ ọ́. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ má rà á, nítorí á máa ṣẹ́ níbi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi bíléèdì bó ìbora rẹ̀. Ẹ má fi iná jó ìbora náà kúrò. Májèlé ni èéfín rẹ̀.

Àìdọ́gba tí ẹ ń ráhùn lé lórí wá láti ibi méjì. Àkọ́kọ́, wáyà tó ti ká tẹ́lẹ̀ kì í tẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ gé e ní gígùn bí igbọ̀nwọ́ kan, ẹ fi púláyà méjì mú un ní orí méjèèjì, kí ẹ fà á títí ẹ ó fi mọ̀ lọ́wọ́ pé ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ díẹ̀. Bó bá ti nà díẹ̀ báyìí, á tọ́ gbọọrọ, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì, ojú lẹ fi ń díwọ̀n. Ẹ gé ike pẹlẹbẹ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ bá àlàfo inú ọwọ́ ìdìmú náà mu, kí ẹ máa tẹ wáyà lé e lórí. Bí àárín ihò kan sí àárín èkejì bá jẹ́ mìlímítà 12, ike náà á jẹ́ 11.5, nítorí wáyà fúnra rẹ̀ yóò gba ìdajì mìlímítà. Gbogbo èyí tí ẹ bá tẹ̀ lórí ike kan náà yóò jọra bí ìbejì. Ẹ fi ẹsẹ̀ gígùn sílẹ̀, kí bíi mìlímítà 3 nínú rẹ̀ lè wọnú ara táńkì lọ. Ibi tí ihò yóò wà, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gún un, torí bí ẹnu dírìlì kò bá rí ojú tí yóò jókòó sí, á máa yọ̀ kiri. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dírìlì ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.6 lu ú. Ẹni tí kò bá rí ẹnu dírìlì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rà lè pọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ ìránṣọ lórí òkúta títí á fi pẹlẹbẹ bíi ṣísù. Á lu ike, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á pẹ́ díẹ̀. Kí ẹ tó lẹ wáyà, ẹ ti ike tó nípọn mìlímítà 1.5 sáàárín òun àti ara táńkì, kí gbogbo wọn lè ga bákan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ti ń bàjẹ́ nìyẹn: ọ̀kan á ga, èkejì á rì. Inú táńkì ni kí ẹ ti kan gọ́ọ̀mù sí i, kí ara òde lè mọ́.

Èyí mú wa dé orí super glue tó ń funfun. Gọ́ọ̀mù náà kò bàjẹ́. Ooru tó ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ ló ń pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tó sì ń dì padà sórí ike bí ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá kán an púpọ̀, bí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ bá há, bí òjò bá tún ń rọ̀, ìyẹ̀fun náà á pọ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ̀kán kan ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè má rí ìyẹ̀fun náà rárá. Ẹ kán díẹ̀ sórí ìdérí ìgò, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ mú ìwọ̀nba tó lè dúró lórí rẹ̀, ẹ fi kan ẹsẹ̀ wáyà láti inú, kí ẹ sì jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Èyí tó ti funfun tẹ́lẹ̀, ẹ fi sáńpépà 1000 àti omi rọra nù ún. Ọ̀dà á bo ìyókù. Ẹ má retí pé gọ́ọ̀mù ike yóò lẹ wáyà o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń yọ́ ojú ike méjì kí wọ́n lè di ọ̀kan, irú ike tí wọ́n fi ṣe kíìtì, ìyẹn polystyrene, ló sì mọ̀. Káàdì ATM tó ti kú ṣeé gé dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ike yẹn, super glue lẹ ó fi lẹ̀ ẹ́. Ike yógọ́ọ̀tì tí nọ́ńbà 6 wà lábẹ́ rẹ̀ nínú àmì onígun mẹ́ta ló bá kíìtì yín tan. Ẹ máa tọ́jú irú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ tó tẹ́jú ni ike pẹlẹbẹ tí mo ń sọ látẹ̀ẹ̀kan.

Ní ti léèdì, ẹ má ṣe jó ohunkóhun lórí táńkì láé. Ike yìí ti ń rọ̀ ní bí ìwọ̀n ooru 100, léèdì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò kì í sì í yọ́ kó tó lé ní 180. Bàbà tún yára gbé ooru rìn. Kí léèdì tó mú, ẹsẹ̀ wáyà ti jẹ ike wọlé. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ jó pọ̀, bí irin tó gbé àgbá epo dúró, orí táìsì ni kí ẹ ti jó o, kó tutù pátápátá, kí ẹ tó fi super glue lẹ̀ ẹ́ mọ́ táńkì. Fún ọwọ́ ìdìmú lásán, ẹ kò nílò léèdì rárá.

Mọ́gáàdì ni iṣẹ́ tó máa yí ojú táńkì yín padà jù lọ, ọ̀nà méjì ló sì wà. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ fi bíléèdì fá abẹ́ etí rẹ̀ ní dàgẹ̀rẹ̀, láti bíi mìlímítà 3 sínú, títí etí náà á fi tẹ́ẹ́rẹ́ bíi páálí. Òkè rẹ̀ kò yí padà, etí nìkan ni ojú sì ń rí. Àárín rẹ̀ lè nípọn bó ṣe wù ú. Bó bá jẹ́ táńkì àkọ́kọ́ tí ẹ máa fọwọ́ kàn báyìí nìyí, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gé apá iwájú àti ti ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ fi irin rọ́pò wọn, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ kó rọ́ bíi ti ọkọ̀ tó ti kọ lu igi. Agolo málítì ló dára jù fún un: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn bíi mìlímítà 0.1, tó dúró fún 3.5. Agolo mílíìkì le jù, sísọ́ọ̀sì á máa ká etí rẹ̀. Àwo fóìlì tí wọ́n fi ń di oúnjẹ rọ̀ jù, bí ìka bá kàn án ó ti rọ́, ṣùgbọ́n á wúlò fún wa láìpẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń gé agolo. Etí rẹ̀ á ti gé ọwọ́ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí rìn ín títí á fi tẹ́jú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni kì í mọ̀ nípa agolo náà. Ọ̀dà wà lára rẹ̀ lóde, ike fẹ́lẹ́ tí kò ní àwọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá fi sáńpépà 400 họ méjèèjì kúrò títí irin fi hàn, gọ́ọ̀mù á mú ìbora náà dáadáa, ìbora náà á sì ṣí kúrò lára irin tó bá yá, mọ́gáàdì á já bọ́ lórí pẹpẹ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé irú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lára táńkì títí á fi bá a mu, lẹ́yìn náà kí ẹ fi páálí náà gé irin. Ibi tí ẹ fẹ́ ká, ẹ fi ẹ̀yìn bíléèdì fa ìlà kan ṣoṣo sí i, kí ẹ fi rúlà irin ká a lẹ́ẹ̀kan. Alumíníọ̀mù kò fẹ́ síwá-sẹ́yìn: ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá ká a padà, á ya. Bí ó bá sì ya ní ibi tí ẹ kò fẹ́, ẹ gé òmíràn; agolo ò wọ́n.

Okùn irin tí wọ́n fi ń wọ́ táńkì kò ṣòro. Òwú inú kíìtì kò dára nítorí irun tó ń hu lára rẹ̀, àti nítorí pé kò wúwo, kì í tẹ̀ bíi ti irin. Ẹ tú wáyà fáànù tàbí ti rédíò, ẹ yọ fọ́nrán bàbà 7 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn mìlímítà 0.25. Bí ẹ bá lọ́ ọ pọ̀, tí ẹyọ kan wà láàárín tí mẹ́fà yí i ká, yóò nípọn 0.75, tó dúró fún bíi 26 lára ọkọ̀ gidi. Kí ẹ tó lọ́ ọ, ẹ fi láítà rọ àwọn fọ́nrán náà títí wọ́n á fi pọ́n, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù. Bàbà tí kò bá tíì rọ̀ á máa tú ara rẹ̀ padà bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹ so orí kan mọ́ ìṣó, ẹ fi orí kejì sẹ́nu dírìlì, ẹ fà á kó le díẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ bí ejò, ó ti pọ̀ jù. Ẹ mú u gùn ju èyí tí ẹ nílò lọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, torí lílọ́ ń jẹ gígùn. Ojú okùn náà, ti inú kíìtì dára tó. Ẹ fi dírìlì 0.8 lu ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ki okùn bọ̀ ọ́.

Fílà tó jẹ ara ike ńkọ́? Tínà inú rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Pọ́tì inú túúbù tí wọ́n fi ń dí ojú kéékèèké lára mọ́tò, tínà ló ń jẹ́ kó rọ̀. Bí tínà náà ṣe ń fò lọ ló ń sún kì. Bí ẹ bá fi í nípọn, òkè á gbẹ, tínà á há sísàlẹ̀, á sì máa yọ́ ike lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Fún ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Epoxy alápá méjì tí ẹ ó fọwọ́ pò bí àmàlà kì í jẹ ike, kì í sì í sún kì, òun ni kí ẹ lò bí ẹ bá ní ihò láti dí. Ṣùgbọ́n fún ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀, ẹ kò nílò èyíkéyìí nínú wọn. Férémù ike tí àwọn ẹ̀yà kíìtì so mọ́, tí ẹ fẹ́ sọ nù, ló dára jù. Ẹ gbé e sókè iná àbẹ́là láìjẹ́ kó kan iná, ẹ máa yí i. Bó bá ti ń dán tó sì ń rọ̀, ẹ mú un kúrò níbẹ̀, ẹ kà dé méjì, kí ẹ fà á. Bí ẹ bá yára fà á, á tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun; bí ẹ bá rọra fà á, á nípọn. Ẹ wá èyí tó wà láàárín 0.4 sí 0.5. Ẹ fi bíléèdì la ọ̀nà sójú ibi tí irin méjì ti pàdé, ẹ tẹ́ fọ́nrán náà sínú rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù ike olómi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Láìpẹ́, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ mú abẹ́rẹ́ ìgúnni tí ẹ ti gé ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ léraléra, kó ní àmì bí ìpẹ́ ẹja. Wẹ́dà tó ń jó géètì ládùúgbò yín á fi ojúlówó rẹ̀ hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ojú ìjó ara T-34 ló ní ìpẹ́. Nígbà ogun, wọ́n kó ilé iṣẹ́ ìwádìí tí Yevgeny Paton ń darí láti Kiev lọ sí Nizhny Tagil, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jó ọ̀pọ̀ irin ara táńkì yìí lábẹ́ ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ojú iná. Ojú ìjó ẹ̀rọ máa ń tẹ́jú, ó máa ń fẹ̀, ó sì máa ń lọ gbọọrọ. Ibi tí ẹ̀rọ kò dé, ọwọ́ ni wọ́n fi jó o, ibẹ̀ ni ìpẹ́ wà. Bí ẹ bá fi ìpẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ fún yín, táńkì náà kò sì jọ táńkì Nizhny Tagil.

Irú àṣìṣe kan náà máa ń wà lórí tọ́rẹ́ẹ̀tì, ìyẹn orí tó ń yí. Dídà ni wọ́n da irin rẹ̀ nínú iyanrìn, bí wọ́n ṣe ń da ìkòkò alumíníọ̀mù. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ẹ ó mọ bó ṣe yẹ kí ara rẹ̀ rí págunpàgun. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ike olómi kun ibi tí kò ju àtàǹpàkò lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle tó ti gbó gún un ní òró. Bí ẹ bá ń fà á bí ẹni kunlé, ìlà ni yóò fi síbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi sáńpépà tó ti gbó gba orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ṣónṣó rẹ̀ lè rẹ̀. Òrùlé tọ́rẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe irin dídà o: páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n jó mọ́ ọn ni, ó gbọ́dọ̀ dán. Ara táńkì nísàlẹ̀ náà, pẹlẹbẹ ni. Ẹni tó bá ti ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì bọ̀ á fi èyí dá iṣẹ́ yín mọ̀ kó tó sún mọ́ ọn.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iná iwájú: ẹ fi ẹnu dírìlì tí ẹ dì mọ́wọ́ gbẹ́ inú rẹ̀, ẹ tẹ́ fóìlì inú páálí sìgá sí i, kí ẹ fi epoxy tó mọ́ gaara bo ojú rẹ̀, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà náà á mọ́ gaara bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n á rì láàárín, ẹ ó fi í lẹ́ẹ̀mejì. Okùn pẹlẹbẹ tó di àgbá epo mú: ibí ni àwo fóìlì ti wúlò, ẹ gé e ní fífẹ̀ mìlímítà 1. Orí bóòtù: ẹ fi bíléèdì tuntun bẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ táńkì níbi tí ojú kò ní dé, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ fẹ́.

Ní ti pé kí ẹ má ra nǹkan kan, mi ò ní tàn yín. Páànù idẹ tí wọ́n fi ásíìdì gé kò dára fún ohun roboto. Ọwọ́ ìdìmú tí wọ́n fi í ṣe máa ń pẹlẹbẹ bíi ríbọ́ọ̀nù, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sì dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí owó rẹ̀ kò ṣòfò: nẹ́ẹ̀tì tó bo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Nẹ́ẹ̀tì ìbòjú ìyàwó kò dára, ihò rẹ̀ kì í ṣe onígun mẹ́rin. Asẹ́ tíì ní ihò onígun mẹ́rin, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí èyí tí ihò rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà, ẹ gbà á. Aṣọ organza ló sún mọ́ ọn jù nínú ohun tó wà lọ́jà: ẹ nà án sórí férémù, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ fomi là bò ó, kó le kí ẹ tó gé e. Láti ìwọ̀n apá kan, á tan ojú jẹ. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ ojú, kò tó idẹ. Ẹ̀wọ̀n irin tó yí ẹsẹ̀ táńkì ká náà, mi ò gbà yín níyànjú láti fọwọ́ ṣe é. Ẹyọ kan ṣeé ṣe, ẹyọ tó lé ní ogóje tí yóò sì jọra kò ṣeé ṣe. Bí tọ́rẹ́ẹ̀tì kíìtì yín bá sì wọ́ láti ilẹ̀, kò sí wáyà tó lè tún un ṣe.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe ara tọ́rẹ́ẹ̀tì àti ojú ìjó ṣáájú, torí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ dì í mú dáadáa. Mọ́gáàdì ló kàn, lẹ́yìn náà ọwọ́ ìdìmú. Okùn irin ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín rírọ̀ àti omi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, nítorí òróró ọwọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú bàbà àti agolo. Kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ wá fi práímà tó ń mú irin wọ́n ọn fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan nípọn. Àwọ̀ eérú kan ṣoṣo yẹn ló máa kọ́kọ́ fi gbogbo ibi tí gọ́ọ̀mù ti ṣàn, tí wáyà kò sì jókòó, hàn yín. Ẹ tún wọn ṣe nígbà náà, kí ẹ tó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó yẹ táńkì náà kàn án.